Bàbá ọmọ tí kò rójú ọmọ rẹ̀: kí ni òfin sọ ní Èkìtì?

Ìbéèrè: Èmi àti ìyá ọmọ mi kò ṣe ìgbéyàwó. Adó-Èkìtì ni mo ń gbé, Ìkọ̀lé ni òun wà. Lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn ẹbí mi gbé obì, orógbó, ataare àti oyin lọ, bàbá mi ló sì kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ìyá rẹ̀ sì ní n kò gbọdọ̀ yọjú mọ́. Ṣé ìkómọ yẹn kò tó ẹ̀rí ni?

Ìdáhùn: Ó tó láti fi hàn pé ẹ gba ọmọ ní ọmọ yín ní gbangba, èyí kò sì kéré lójú àṣà Yorùbá. Nínú ẹjọ́ Alake àti Pratt ní ọdún 1955, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọ tí bàbá jẹ́wọ́ pé òun ló bí lè bá àwọn ọmọ ìyàwó ilé pín ogún, bí kò tilẹ̀ sí ìgbéyàwó láàárín bàbá náà àti ìyá ọmọ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́ bàbá, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń ṣìnà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006, sọ pé bí òbí méjèèjì kò bá ti ṣe ìgbéyàwó nígbà tí a bí ọmọ, ọwọ́ ìyá ni àṣẹ àti ojúṣe òbí wà, àyàfi bí bàbá bá gbà á nípa àdéhùn pẹ̀lú ìyá tàbí nípa àṣẹ ilé ẹjọ́. Nítorí náà, ẹ kó àwòrán ìkómọ jọ, àti ìwé ẹ̀rí ìbí tó bá gbé orúkọ yín.

Ìbéèrè: Ṣé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò DNA?

Ìdáhùn: Bí ẹnikẹ́ni kò bá jiyàn pé ẹ̀yin lẹ bí i, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Bí ìyá bá sẹ́, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ àyẹ̀wò náà. Òwú kékeré orí igi ni wọ́n sábà máa ń fi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àti ọmọ, nítorí ìdajì ohun tí ọmọ jogún ní ara wá láti ọ̀dọ̀ bàbá. Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti tẹ̀lé àṣẹ náà, adájọ́ lè ka kíkọ̀ rẹ̀ sí i lọ́rùn. Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi irú ẹ̀jẹ̀ pinnu bàbá ọmọ gbọ́: ó lè fi hàn pé ẹnì kan kì í ṣe bàbá, kò lè fi hàn pé òun ni.

Ìbéèrè: Bí ìyá bá ti wà nílé ọkọ nígbà tó bí ọmọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn le. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ka ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó sí ọmọ ọkọ, títí kan èyí tí a bí láàárín ọjọ́ 280 lẹ́yìn tí ìgbéyàwó túká, bí ìyá kò bá tíì fẹ́ ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ rán àwọn àgbà ẹbí sí ìyá ọmọ. Bí ẹ bá fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo ni ọmọ yóò wá, ta ni yóò mú un wá, aago mélòó ni yóò padà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ni kí ẹ lọ. Legal Aid Council, àjọ ìjọba, sì ń ran ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé owó lọ́yà lọ́wọ́. Ẹ lè béèrè pé kí ẹ máa rí ọmọ láì béèrè pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ire ọmọ ni adájọ́ yóò fi ṣe ìwọ̀n, kì í ṣe ìbínú ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ má lọ gbé ọmọ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé.

Ìbéèrè: Ṣé kí n dá owó oúnjẹ dúró títí wọn yóò fi jẹ́ kí n rí i?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọmọ kọ́ ló ṣẹ̀ yín. Ẹ máa fi owó náà ránṣẹ́ láti báǹkì, kí ẹ sì kọ orúkọ ọmọ àti oṣù tí owó náà wà fún síbẹ̀.