Fáànù ò lè fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa gbé iná fún òun fúnra rẹ̀

Fídíò náà wọ́pọ̀ lórí fóònù: wọ́n gbé fáànù onídùúró síwájú ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí atẹ́gùn ń yí, tí wọ́n fi páìpù àti ike ṣe, ẹ̀rọ ń yí, gílóòbù tàn. Wọ́n á wá ní kí ẹ so wáyà ẹ̀rọ mọ́ fáànù, kí ẹ yọ fáànù kúrò lára iná NEPA, pé iná ò ní tán mọ́ láéláé. Àwọn ọmọ wa l'Ábẹ́òkúta ń gbà á gbọ́, ó sì ń dùn mí, torí irọ́ ni.

Iná NEPA ló tan gílóòbù yẹn. Fáànù onídùúró sábà máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50 sí 60. Bó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn orí rẹ̀: ó gbóná. Iná tó di ooru yẹn ti lọ nìyẹn. Atẹ́gùn tó gba ẹ̀gbẹ́ apá ẹ̀rọ kọjá náà ti lọ. Èyí tó tiẹ̀ kàn án, kò lè gbà á tán. Albert Betz, ọmọ Jámánì, ló fi ìṣirò hàn ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé ẹ̀rọ tó wà ní gbangba ò lè gbà ju nǹkan bí ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún agbára atẹ́gùn lọ. Bó bá gbà á tán, atẹ́gùn á dúró síbẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní ráyè kọjá. Ká tiẹ̀ ní gbogbo wáàtì 60 di atẹ́gùn, ohun tí yóò padà wá ò tó 36. Fáànù á rọra dúró ni.

Ẹ lè fi fáànù dán ẹ̀rọ wò nínú ilé o, kò burú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Atẹ́gùn ìta gan-an ni kẹ́ ẹ wá. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ; ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó yí geere lórí òkè Olúmọ fi lè máà mira láàárín àwọn ilé tó fún mọ́ra n'Ítòkú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ náà fúnra yín, ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni kíkan apá mọ́ motor tààrà. Ẹ tú motor tó ń ti àwo wọlé-jáde nínú DVD tó ti kú. Ó fẹ́ yí lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan kó tó mú fóòtì (volt) gidi wá, apá oníke ò sì lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kan àwọn apá mọ́ ìdérí ike ọ̀dà, kẹ́ ẹ fi rọ́bà so ìdérí náà mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré orí motor. Bí ìdérí bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju kẹ̀kẹ́ yẹn lọ, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, motor á yí nígbà mẹ́wàá. LED pupa, gílóòbù kékeré bíńtín, ni kẹ́ ẹ lò, torí bíi fóòtì 2 ló ń fẹ́. Funfun ń fẹ́ tó 3. Bí kò bá tàn, ẹ yí wáyà méjèèjì padà kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan: ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà wọ inú LED.