Bí Ẹnubodè 22 Ṣe Di Ti SSH

Ẹni tó bá háyà sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì, fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú, kí wọ́n lè máa tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè má fojú kan sáfà náà láé. Òkèèrè ló wà. SSH, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó jìnnà, ni yóò máa fi wọ ibẹ̀ láti Abẹ́òkúta níhìn-ín.

Telnet àti rlogin ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, wọn kì í sì í bo nǹkan kan. Bí èèyàn bá ṣe tẹ páswọ́ọ̀dù náà ló ń gba orí wáyà kọjá, gbangba. Ní 1995, àwọn olè lúgọ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Helsinki ní Finland, wọ́n sì ń ṣa páswọ́ọ̀dù àwọn èèyàn. Tatu Ylönen, tó ń ṣèwádìí níbẹ̀, kọ SSH, tó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àdìtú kó tó rìn. Ó tọrọ nọ́ńbà ẹnubodè (port), ibi tí ètò kọ̀ọ̀kan ń gbà wọ kọ̀ǹpútà, fún un lọ́wọ́ àwọn tó ń pín in, wọ́n sì fún un ní 22, tó ṣófo láàárín 21 ti FTP, ètò tó ń kó fáìlì, àti 23 ti Telnet. Ní July ọdún náà ló fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọdún tó parí, nǹkan bí 20,000 èèyàn ní orílẹ̀-èdè 50 ti ń lò ó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ mú kí òfin lílò rẹ̀ le, àwọn OpenBSD, tó ń ṣe ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, padà sí ẹ̀dà àtijọ́ tó ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì gbé OpenSSH jáde ní 1999. Òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà lónìí.

Àdìtú nìkan kò tó. Ẹnubodè Àrò ni ogun Dàhòmì gbà wá bá Ẹ̀gbá ní 1851, torí ibi tí ọ̀nà wà ni ọ̀tá ń wò. Gbogbo ayé ló mọ 22, rọ́bọ́ọ̀tì sì ń gbìyànjú páswọ́ọ̀dù ibẹ̀ tọ̀sán-tòru, pàápàá ti root, ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo nǹkan nínú sáfà. Ìdí nìyí tí OpenSSH 7.0 fi yí ìlànà rẹ̀ padà ní 2015: root kò gbọdọ̀ fi páswọ́ọ̀dù wọlé mọ́, àfi kọ́kọ́rọ́, ìyẹn fáìlì àṣírí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni.

Ibi tó ń dùn mí nìyí: láti ti ọ̀nà páswọ́ọ̀dù pa fún gbogbo èèyàn, ọ̀pọ̀ ló ń kọ “PasswordAuthentication no” sínú /etc/ssh/sshd_config, fáìlì ìlànà SSH, tí wọ́n á sì lọ sùn. Lórí Ubuntu, ètò ìṣiṣẹ́ kan fún sáfà, fáìlì kékeré kan nínú àpò sshd_config.d lè ti kọ “yes” ṣáájú, èyí tí SSH bá sì kọ́kọ́ kà ló ń tẹ̀lé. Ẹ fi “sudo sshd -T” wo ohun tó ń lò gan-an. Kí ẹ tó ti ọ̀nà páswọ́ọ̀dù, ẹ ṣí fèrèsé kejì lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ wọlé níbẹ̀, kí ẹ má sì tíì pa ti àkọ́kọ́.