Òdo Tí A Gbẹ́ Sára Òkúta

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá bẹ àwa oníṣẹ́ ọnà pé kí a sọ ìtàn wọn di ohun tí ojú lè rí, àwòrán àwọn ọ̀gá àgbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń kó lé wa lọ́wọ́. Ohun tí èmi kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni àwọn tí kò sí nínú àwòrán náà, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo Women's Table (Tábìlì Àwọn Obìnrin) tí Maya Lin, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, ṣe síwájú ilé-ìkàwé Sterling ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 1993. Tábìlì òkúta akọ ni, ojú rẹ̀ rí bí ẹyin, omi ń sun láti inú ihò kan lórí rẹ̀, ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń ṣàn bọ́ sílẹ̀ ní etí rẹ̀. Láti ẹnu ihò omi yìí ni àwọn nọ́ńbà ti ń yípo jáde bí ìlà ara ìkarahun ìgbín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ iye obìnrin tó wà lára akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún kan. Ọdún 1701 ni wọ́n dá Yale sílẹ̀. Òdo ni ìlà náà fi bẹ̀rẹ̀, òdo ló tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò gbọọrọ títí 13 fi yọ ní 1873. Bí ẹ bá ń fi ìka tọ ìlà náà, omi tútù ni yóò kọ́kọ́ kàn yín lọ́wọ́, ìka yín yóò sì máa bọ́ láti inú òdo kan sínú òmíràn kó tó kan ènìyàn.

Ẹ̀ka mìíràn ní Yale ni àwọn 13 yẹn wà; Yale College, níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè àkọ́kọ́, kò gba obìnrin títí di 1969, àyájọ́ ogún ọdún ìpinnu yẹn ni wọ́n sì torí rẹ̀ bẹ Lin níṣẹ́. Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti 1969, kí iṣẹ́ náà lè dùn ún wò. Òun gbẹ́ gbogbo òdo náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, agbára tí a fi ń gbẹ́ òdo sára òkúta kò dín sí èyí tí a fi ń gbẹ́ nọ́ńbà mìíràn. Mo ka ìyẹn sí ìwà òtítọ́ tó ṣọ̀wọ́n.

Ibi tí àkọsílẹ̀ kò tó ló tún nira jù. Ní Yunifásítì Virginia, ní Amẹ́ríkà bákan náà, níbi tí àwọn ẹrú ti kọ́lé, tí wọ́n dáná, tí wọ́n sì fọṣọ, wọ́n parí ògiri ìrántí kan ní 2020 tó ní nǹkan bí 4,000 àpá lára, àpá kan fún ẹnì kan. Orúkọ wà lókè àwọn kan, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ipò nínú ẹbí nìkan ló wà lókè àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n lókè èyí tó pọ̀ jù, kò sí nǹkan kan. Àwọn tó ṣe é kò fi òdòdó tàbí ọ̀rọ̀ dídùn dí àlàfo náà. Wọ́n fi òkúta sílẹ̀ ní gbígbòòrò lókè àpá, bí ẹnì kan bá rí orúkọ nínú ìwé àtijọ́, kí ibi tí a óò gbẹ́ ẹ sí lè wà.