Àtọ̀gbẹ àti ọkàn: kí ló dé tí dókítà kan ṣoṣo kò fi tó?

Ṣúgà ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Kí ló wá kan ọkàn mi?

Ṣúgà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba inú òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ọ̀rá á wá dúró síbi tó bàjẹ́, òpó á le, á sì fún. Òpó tó lọ sí ọkàn, ọpọlọ, kíndìnrín, ojú àti ẹsẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀ jù. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wà níbẹ̀, tó sì sábà máa ń wà, ìbàjẹ́ náà á yára. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé àtọ̀gbẹ lè pa iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora. Ọkàn ẹlòmíì lè kọṣẹ́ láìjẹ́ pé àyà dùn ún rárá: òógùn tútù, mímí gúlegúle tàbí àárẹ̀ òjijì nìkan ló máa rí.

Àwọn wo ló yẹ kó para pọ̀ tọ́jú mi?

Dókítà kan tí yóò jẹ́ olórí, nọ́ọ̀sì, apòògùn, onímọ̀ nípa oúnjẹ àti dókítà ojú. Dókítà ọkàn tàbí ti kíndìnrín á wọ̀ ọ́ bó bá di dandan. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kò ní gbogbo wọn. Bí dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn bá ń bára wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ń se oúnjẹ nílé. Ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ṣé ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó wà. Lọ́dún 1993, ìwádìí Steno-2 bẹ̀rẹ̀ ní Denmark pẹ̀lú 160 èèyàn tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ irú kejì, tí àmì ti wà pé ó ń kan kíndìnrín wọn. Ìdajì gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Fún ìdajì kejì, dókítà, nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ oúnjẹ jọ kojú ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá àti àìṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 8, àìsàn ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó kọlu àwọn ìdajì kejì yìí fi nǹkan bí ìlàjì dín sí ti àwọn yòókù.

Iye wo ni ká máa lépa?

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, kí àyẹ̀wò HbA1c wà lábẹ́ 7%, kí ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lábẹ́ 130/80. Arúgbó tí ṣúgà rẹ̀ tètè máa ń lọ sílẹ̀ kò nílò kó le tó bẹ́ẹ̀. Dókítà á sún un sókè fún un.

HbA1c ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, torí pé sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: sẹ́ẹ̀lì ẹni tí genotype rẹ̀ jẹ́ SS kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àyẹ̀wò náà á máa parọ́ pé ṣúgà dára. Fún AS, àwọn ẹ̀rọ kan lè ṣì í kà. Ẹ sọ genotype yín kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ SS, àyẹ̀wò ṣúgà tààrà, ti òwúrọ̀ kí ẹnu tó kan nǹkan àti ti wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, ló ṣeé gbára lé.

Kí ló máa ń bàjẹ́ nígbà tí àwọn olùtọ́jú kò bára wọn sọ̀rọ̀?

Oògùn ni, níbi tó pọ̀ jù. Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dára fún kíndìnrín àti ọkàn, ṣùgbọ́n ó lè fa ikọ́ gbígbẹ. Aláìsàn á lọ ra oògùn ikọ́ tó kún fún ṣúgà ní kẹ́míìsì, ṣúgà á gòkè, dókítà á fi oògùn ṣúgà kún un, kò sì sí ẹni tó bèèrè ibi tí ikọ́ ti wá. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, lè mú ẹsẹ̀ wú. Ẹlòmíì á tún fi oògùn tó ń mú ni tọ̀ lé e.

Àwọn tó léwu jù ú lọ wà. Lisinopril, oògùn ìtọ̀ àti oògùn ìrora bíi ibuprofen tàbí diclofenac lápapọ̀ lè dá kíndìnrín dúró lójijì. Prednisolone tí wọ́n fúnni nítorí orúnkún tàbí ikọ́ fée máa ń gbé ṣúgà sókè gan-an. Metformin, oògùn ṣúgà, kò yẹ kí ẹni tí agbára kíndìnrín rẹ̀ (eGFR) ti wà lábẹ́ 30 máa lò ó. Atenolol àti propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn, máa ń bo ìlùkìkì àyà tó ń kìlọ̀ pé ṣúgà ti wálẹ̀. Lílàágùn ló sábà máa ń kù tó lè kìlọ̀. Glibenclamide (oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀) pẹ̀lú àgbo àti ààwẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò láìsọ fún dókítà.

Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àlìkámà ńkọ́?

Gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ara. Bí ẹ bá fi òkèlè méjìlá rọ́pò ẹ̀bà mẹ́fà, kò sí èrè níbẹ̀. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, òkèlè ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹja tàbí ẹ̀wà ìyókù. Iyọ̀ gbogbo ọjọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, ti inú Maggi àti búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀.

Kí ni kí n gbé dání lọ sí ilé ìwòsàn?

Ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo olùtọ́jú máa kọ sí, àti àpò tí gbogbo oògùn wà nínú rẹ̀, àgbo pẹ̀lú. Kí ẹ tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí apá wà ní ìwọ̀n ọkàn, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún, ẹ rí i pé wọ́n yẹ ojú, ẹsẹ̀, ìtọ̀, kíndìnrín àti ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìgbà wo ni kí n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi?

Bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, ẹ mu mínírà tó ní ṣúgà, bíi mílílítà 150, kí ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá gòkè, ẹ tún un mu. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni. Ibẹ̀ náà ni ẹni tí àyà ń dùn, tí ẹnu rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tí egbò jẹ yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.