Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí ìjọ ń gbèrú ni olórí ń ṣubú? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó máa ń ta kókó mọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ lọ́wọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ ìgbéraga àti ìdánwò láàárín àwọn olórí nìyí. Pásítọ̀, alàgbà, díákónì, olórí ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo wọn ló kàn.

Iṣẹ́ Ọlọ́run ń lọ dáadáa, èrò ń pọ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ni àṣìṣe ńlá ń ṣẹlẹ̀?

Torí pé ìgbà yẹn ni àwọn tó lè sọ pé "rárá" fún olórí máa ń tán. Nígbà tí ìjọ ṣì kéré, akápò lè sọ pé owó ò sí, olórí á sì gbà. Tí èrò bá ti pọ̀ tán, akápò kan náà á di ẹni tí kò nígbàgbọ́. Òfin ìjọ ò yí padà o. Àwọn èèyàn ló dákẹ́, nítorí èso tí wọ́n ń fojú rí.

Ẹ wo Ùsáyà ọba Júdà nínú 2 Kíróníkà orí 26. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó gorí ìtẹ́, ó sì lo ọdún 52 níbẹ̀. Ó kọ́ ilé ìṣọ́, ó gbẹ́ kànga, ó fẹ́ràn iṣẹ́ oko, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ọ̀nà jíjìn. Ẹsẹ 15 sọ pé a ràn án lọ́wọ́ lọ́nà ìyanu títí ó fi di alágbára. "Ṣùgbọ́n" ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ 16: ó lágbára tán, ọkàn rẹ̀ gbé sókè, ó sì wọ tẹ́ńpìlì lọ láti sun tùràrí, iṣẹ́ tó jẹ́ ti àlùfáà nìkan. Asaráyà àlùfáà wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú 80 àlùfáà, wọ́n ní kó jáde. Ìgbà tí ẹ̀tẹ̀ yọ níwájú orí rẹ̀ ló yẹ ká kíyè sí. Kì í ṣe ìgbà tó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Ìgbà tó ń bínú sí àwọn tó ń dá a lẹ́kun ni, àwo tùràrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ọ̀tọ̀ ló gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Júdà tiẹ̀ ṣì rí èèyàn 81 tó lè dènà ọba. Ìjọ mélòó ló lè rí méjì? Lójú tiwa, a ò lè ka ìgbéraga mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ yòókù bíi pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Òun ló máa ń kọ́kọ́ lé àwọn ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ìdánwò owó àti ti ara tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìdáhùn tó kù fi dá lórí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: ta ló lè dá olórí yín dúró?

Ẹni tó ń gbéra ga kì í mọ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀?

Ẹ má wo ohùn pẹ̀lẹ́. Olórí lè máa pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ ní gbogbo ìsìn, síbẹ̀ kó má sí ẹni tó yí ìpinnu rẹ̀ padà rí. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ni kí ẹ gbé jáde, ti odindi ọdún kan. Ẹ ka iye àbá tí olórí mú wá, kí ẹ tún ka iye tí ìgbìmọ̀ dá padà tàbí tún ṣe. Tí kò bá sí ìkankan tí wọ́n tún ṣe, a jẹ́ pé olórí yẹn ò ṣàṣìṣe rí lọ́dún náà, tàbí kẹ̀, ìgbìmọ̀ kàn ń jókòó ni. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó ṣeé ṣe jù.

Ẹ wo bí ìpàdé ṣe ń lọ pẹ̀lú. Olórí á kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ." Ẹnì kejì á ní kò sí ohun tóun fẹ́ fi kún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ owó ńlá ti parí. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ẹni tó kéré jù nínú ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí olórí sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi ìwé dìbò lórí ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ yíyan èèyàn sípò, láìkọ orúkọ sí i.

Àmì méjì mìíràn wà. Èkíní, kí ẹnì kan takò ó láàárín ọ̀sẹ̀, kí ìwàásù Sunday wá dá lórí ọlọ̀tẹ̀. Èkejì, kí "Ọlọ́run sọ fún mi" máa parí gbogbo àríyànjiyàn. 1 Kọ́ríńtì 14:29 ní kí àwọn yòókù gbé ọ̀rọ̀ wòlíì yẹ̀ wò. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ń béèrè ohun tí Bíbélì ò fún wòlíì kankan.

Ṣé fífẹ́ ìyìn àti ìgbéraga ò jọra?

Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Evagrius, ọmọwé tó di anìkàngbé ní aṣálẹ̀ Íjíbítì tó sì kú ní ọdún 399, yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú èrò búburú mẹ́jọ tó kà sílẹ̀. Èkíní ń wá bí aráyé ṣe máa gbọ́ nípa iṣẹ́ rere òun. Èkejì ti gbà pé agbára òun ló mú iṣẹ́ rere náà jáde, kì í ṣe Ọlọ́run. Ìtọ́jú wọn náà yàtọ̀. Ẹni tó ń wá ìyìn, ẹ gba ìròyìn iye èrò àti iye ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa kà á, kó sì máa kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó ń gbéra ga, kò sí oògùn rẹ̀ ju ìbáwí lọ.

Bíbélì ṣáà ní, "Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni àmì òróró mi." Ṣé ó tọ́ kí ọmọ ìjọ bá olórí wí?

Ó tọ́. Sáàmù 105:15 ni ẹsẹ yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 12. Àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì ló ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń kìlọ̀ fún níbẹ̀. Ẹsẹ tó ń dáàbò bo aláìlágbára lọ́wọ́ alágbára ni wọ́n wá fi ń pa aláìlágbára lẹ́nu mọ́.

Dáfídì kò pa Sọ́ọ̀lù nínú ihò, ṣùgbọ́n ó jáde, ó sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ Sọ́ọ̀lù fún un lójúkojú (1 Sámúẹ́lì 24). Wòlíì Nátánì sọ fún Dáfídì fúnra rẹ̀ pé, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Pọ́ọ̀lù takò Pétérù ní Áńtíókù níwájú gbogbo wọn.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é wà nínú 1 Tímótì 5:19-20, ẹsẹ méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ lò pa pọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni ẹ̀sùn alàgbà gbọ́dọ̀ ní; ìyẹn ń gba olórí lọ́wọ́ àhesọ. Alàgbà tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá sì hàn, gbangba ni ìbáwí rẹ̀. Ìyẹn ń gba agbo. Kọ ohun tí o fojú rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, má kọ ohun tí o gbọ́ mọ́ ọn. Mú ẹnì kan tó mọ ọ̀rọ̀ náà dání lọ bá ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìwà ọ̀daràn, pàápàá ohun tó kan ọmọdé, ọ̀dọ̀ ìjọba ni kó kọ́kọ́ dé, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Kò sí "ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa" nínú ìyẹn, kò sì dìgbà tí ẹlẹ́rìí bá pé méjì.

Báwo la ṣe ń ṣètò owó tí ìdánwò ò fi ní ráyè?

Ọrẹ ńlá kan ni wọ́n kó jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù. Pọ́ọ̀lù kò dá a gbé. Ó rán Títù pẹ̀lú arákùnrin méjì, ìjọ ló sì yan ọ̀kan nínú wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àléébù sọ (2 Kọ́ríńtì 8:18-22). Ó ní òun ń gbìyànjú ohun tó tọ́ lójú Olúwa àti lójú èèyàn pẹ̀lú. "Ọlọ́run mọ ọkàn mi" kò tó lọ́dọ̀ Pọ́ọ̀lù.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gba ọrẹ tán, kí àpò má kúrò lójú èèyàn méjì tí kì í ṣe tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá. Kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó má jẹ́ ẹnì kan náà ló kà á nígbà méjèèjì. Tí iye ò bá bára mu, kí wọ́n tún un kà kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Wọ́n á kọ iye rẹ̀ sí ìwé mẹ́ta, gbogbo wọn á fọwọ́ sí i: ọ̀kan fún akápò, ọ̀kan fún akọ̀wé owó, ọ̀kan á bá owó lọ sí báńkì. Odindi owó ni kó dé báńkì. Ibẹ̀ ló ti ń bà jẹ́ jù: wọ́n á ti fa owó ọkọ̀ àlejò yọ nínú àpò kí wọ́n tó ka ìyókù, kò sì sẹ́ni tó máa mọ iye tó wọlé mọ́ láéláé.

Ẹni tó ń ka owó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni tó ń kọ ọ́ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ìbuwọ́lù méjì ni kó máa mú owó jáde. Sọ̀wédowó tí ẹnì kan ti fọwọ́ sí sílẹ̀ láìkọ iye sí i ti sọ méjì yẹn di ẹyọ kan. Kí olórí jáde nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò owó oṣù rẹ̀, kí ìpinnu wọn sì wà nínú ìwé. Kó má yá owó ìjọ, kó má sì yá owó ọmọ ìjọ. Lọ́dọọdún, kí olùṣàyẹ̀wò owó láti ìta, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, yẹ gbogbo ìwé wò, kí wọ́n sì ka àbájáde rẹ̀ fún ìjọ.

Olè kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. "Màá dá a padà" ni.

Ìdánwò ọkùnrin àti obìnrin ńkọ́?

Ẹ ka 2 Sámúẹ́lì 11 dáadáa, kí ẹ wo bí Dáfídì ṣe ń ránṣẹ́ ṣáá: ó ránṣẹ́ béèrè nípa Bátíṣébà, ó ránṣẹ́ mú un wá, ó ránṣẹ́ pe Ùráyà ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ rán an létí pé ìyàwó Ùráyà ni obìnrin náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí olórí bá bá ẹni tó wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe ìṣekúṣe, ẹ má sọ pé àwọn méjèèjì ṣubú. Ẹni tó nípò ló ru ẹrù yẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1948, Billy Graham, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó nílùú Modesto ní California, wọ́n sì ṣàdéhùn lórí nǹkan mẹ́rin: owó, ìṣekúṣe, sísọ̀rọ̀ àwọn ìjọ mìíràn láìdáa, àti bíbu iyọ̀ sí iye èrò. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà yẹn. Wọn ò dúró de ìgbà tí ìdánwò bá dé kí wọ́n tó ṣèpinnu, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ rèé: yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní gíláàsì, nígbà tí ẹlòmíràn wà nínú ilé, ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àti aago sí, tí ẹlòmíràn ń yẹ̀ wò, wákàtí kan péré, bó bá sì di ẹ̀ẹ̀mẹta tí ọ̀rọ̀ ò tíì yanjú, kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn gbà á. Lórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fẹ́ pa rẹ́ kí ọkọ tàbí aya rẹ tó rí i, má fi í ránṣẹ́.

Òfin yìí náà ní ibi tó ti ń wọ́. Olórí mìíràn á kàn yẹra fún obìnrin pátápátá, bíi pé àwọn gan-an ni ìdánwò, opó tó ní ìṣòro kò sì ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ àwọn obìnrin tó dàgbà nínú ìgbàgbọ́ ní iṣẹ́ ìmọ̀ràn, kí ẹ sì fi gíláàsì sí ilẹ̀kùn.

Pásítọ̀ wa ní ẹni tó ń jíhìn fún. Kí ló dé tí kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó sì ń bi í ò ju "Ṣé àlàáfíà ni?" lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ọdún 1738, John Wesley, oníwàásù ará Gẹ̀ẹ́sì tó dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, kọ òfin fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń bi ara wọn ní irú ìbéèrè báyìí: ẹ̀ṣẹ̀ wo lo mọ̀ pé o dá láti ìgbà tá a ti ríra gbẹ̀yìn? Ìdánwò wo lo bá pàdé? Báwo lo ṣe bọ́ nínú rẹ̀? Èkejì ló wúlò jù, torí ó ń mú ìdánwò kó tó di ẹ̀ṣẹ̀.

Kí wọ́n jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó má jẹ́ pé ìjọ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Kí wọ́n pàdé lójúkojú ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀, kí wọ́n sì láṣẹ, nínú ìwé, láti pe ìgbìmọ̀ bó bá parọ́ fún wọn. Láìsí àṣẹ yẹn, ìtàkùrọ̀sọ lásán ni.

Arákùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́, ó sì ní ẹ̀bùn tó pọ̀. Ṣé ká fi sípò?

Rárá o. 1 Tímótì 3:6 dárúkọ ìgbéraga gan-an gẹ́gẹ́ bí ìdí. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tí a kì í pàtẹ́wọ́ fún, lábẹ́ ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ kò tó tirẹ̀.

Tí olórí bá ti ṣubú, ìgbà wo ló lè padà?

Ìdáríjì ọ̀tọ̀, ipò ọ̀tọ̀. Ẹni tó ronú pìwà dà rí ìdáríjì gbà lónìí, ìyẹn ò dá àga rẹ̀ padà fún un. Kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti hàn. Kí àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wádìí rẹ̀. Ẹni tó ṣe láìdáa sí ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, kí ìjọ gbọ́ òótọ́, kì í ṣe "ó lọ sinmi". Ìdàpadà Gálátíà 6:1, sínú ìdàpọ̀ ni. Kò sọ pé sórí pẹpẹ. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan wà, bíi fífi ipò bá ọmọdé tàbí ẹni tó wá gbàmọ̀ràn ṣe ìṣekúṣe, tí kò yẹ kó tún ní ipò kankan mọ́ lẹ́yìn wọn. Ní ti àwọn yòókù, tó bá ti jẹ́ olórí fúnra rẹ̀ ló ń dá ọjọ́ tó máa padà, kò tíì yẹ kó padà.