Bí A Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ Ìṣirò fún Ọkọ̀ Tí Ń Wa Ara Rẹ̀

Ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ kì í dẹ́kun ìṣirò láti ìgbà tó bá ti gbéra. Títẹ bíréékì àti yíyà fún ọ̀kadà jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè já nígbàkígbà. Àwọn iṣẹ́ tó lè dúró díẹ̀, bíi wíwo bí ọ̀nà ṣe dí níwájú, ni a lè fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé sí ìdí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà nítòsí, kí èsì má baà pẹ́ bíi ti iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó wà lókè òkun.

Ká ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan láti Òjóò lọ sí Ìwó Róòdù, n'Íbàdàn. Láàárín 100 mìlísẹ́kọ́ǹdù (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdù kan), yóò ti rìn tó mítà 1.7. Bó bá fẹ́ fi àwòrán mẹ́gábáìtì 1 ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 20 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ìfiránṣẹ́ nìkan yóò gba 400 mìlísẹ́kọ́ǹdù, nítorí bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Bí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ bá lè parí iṣẹ́ náà láàárín 300, kò sí ohun tó ń wá lọ sí ìdí òpó, bó ti wù kí ẹ̀rọ ibẹ̀ yára tó. Ṣùgbọ́n bó bá lè tètè fún àwòrán náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìfiránṣẹ́ di 40. Bí ẹ̀rọ ìdí òpó bá sì fi 50 ṣe tirẹ̀, èrè ti wọlé.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ló ni òpó, ìlà sì máa ń tò níbẹ̀. Ọ̀nà kan tó lókìkí ni kí iṣẹ́ tí gbèdéke rẹ̀ súnmọ́ jù lọ ṣáájú, láìka ẹni tó kọ́kọ́ dé sí. Ní 1973, àwọn olùṣèwádìí méjì, Liu àti Layland, fi hàn pé, bí a bá lo ọ̀nà yìí fún àwọn iṣẹ́ tó ń padà wá déédéé, tí gbèdéke ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìgbà tí yóò tún padà wá, lórí ẹ̀rọ kan tó lè dá iṣẹ́ dúró kó sì tún un gbé, gbèdéke kankan kò ní yẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àpapọ̀ iṣẹ́ kò bá kọjá agbára ẹ̀rọ náà. Bó bá kọjá, wàhálà dé: iṣẹ́ kan á pẹ́, á fa èyí tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn, títí gbogbo ìlà á fi pẹ́. Ìdí nìyí tí ètò tó dáa fi máa ń kọ iṣẹ́ tí kò lè bá gbèdéke rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kí ọkọ̀ lè tètè wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọkọ̀ náà kò sì dúró. Kí èsì tó jáde lábẹ́ òpó kan, ó lè ti bọ́ sábẹ́ òmíràn. Nítorí náà, ètò náà ní láti fojú díwọ̀n ibi tí ọkọ̀ yóò dé, kó darí èsì síbẹ̀, tàbí kó ti gbé iṣẹ́ náà fún òpó iwájú láti ìbẹ̀rẹ̀.