Àyẹ̀wò oògùn olóró níbi iṣẹ́

Àyẹ̀wò oògùn olóró níbi iṣẹ́ ni kí agbanisíṣẹ́ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀, itọ́ ẹnu, irun tàbí ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ wò, láti mọ̀ bóyá ó ti lo igbó, kokéènì tàbí oògùn mìíràn tí òfin kọ̀. Àwọn kan ń ṣe é kí wọ́n tó gba èèyàn síṣẹ́, àwọn mìíràn lẹ́yìn ìjàǹbá. Ó sì lè bá òṣìṣẹ́ lójijì.

Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ gan-an. Lọ́dún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn olóró, ìbáà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nílé. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, ọkọ̀ ojú irin kan kọjá àmì ìdádúró nítòsí Chase, ní ìpínlẹ̀ Maryland, òmíràn sì kọ lù ú. Èèyàn 16 ló kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé awakọ̀ tó kọjá àmì náà ti mu igbó. Ìjàǹbá yìí wà lára ohun tó fa òfin ọdún 1991, tó sọ àyẹ̀wò di dandan fún àwọn tó ń wa bàálù, ọkọ̀ ojú irin àti tírélà.

Lábẹ́ òfin ìrìnnà yẹn, ìtọ̀ tí òṣìṣẹ́ máa tọ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mílílítà 45. Wọ́n á ti pa omi ilé ìtọ̀ láró, kí ẹnikẹ́ni má baà bu omi la ìtọ̀ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n á wo bó ṣe gbóná tó: ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 32 sí 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgò méjì ni wọ́n ń pín in sí, wọ́n á sì lẹ̀ wọ́n pa lójú òṣìṣẹ́ náà, kí èkejì lè wà nílẹ̀ bó bá ní irọ́ ni èsì àkọ́kọ́.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yá, àmọ́ èròjà tó jọra lè tàn án jẹ. Nítorí náà, bó bá ní oògùn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ á tún un yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni dókítà á pe òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ tó gbọ́, láti bi í bóyá oògùn tí wọ́n kọ fún un nílé ìwòsàn ni. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń gba aláìṣẹ̀ là. Kódà hóró poppy, ewéko tí wọ́n ń rí oògùn ìrora líle tó ń jẹ́ morphine nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi sí búrẹ́dì lè mú kí morphine hàn nínú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìwọ̀n tó ń dẹ́bi fúnni kúrò ní nanogram (ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù) 300 sí 2,000 nínú mílílítà kan lọ́dún 1998.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ìtọ̀ kò lè sọ bóyá oògùn ṣì ń pa èèyàn bí ọtí lẹ́nu iṣẹ́. Àmì kokéènì kì í sábà ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ti igbó lè pẹ́ tó oṣù kan lára ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ti dá tipẹ́. Irun tiẹ̀ lè sọ ìtàn nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Itọ́ ẹnu sún mọ́ ìgbà tí èèyàn lo oògùn ju ìtọ̀ àti irun lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, òfin ìpínlẹ̀ California kò gbà kí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí àṣẹ́kù igbó tí kì í pani bí ọtí mọ́.